Màmá Oǹdó àti Ohùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Màmá Oǹdó kì í wọ pálọ̀ tí kásẹ́ẹ̀tì bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láì kí i. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò tún ìró rẹ̀ ró, yóò ní, "Ẹ kú ìjókòó o," kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga lásán ló wà níbẹ̀, àti sípíkà méjì tó ga tó ọmọ kékeré. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ta ló ń kí. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹni tí mo kí ti dáhùn. Ìwọ lo ò tíì kí mi láàárọ̀."

A ti sin ín báyìí. A gbé e padà sí Oǹdó, a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé tó ti ń ránṣọ, àwọn ará ìjọ kọrin, wọ́n jẹun, wọ́n sì tú ká. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ àti oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí níbẹ̀.

Òun ló bí ìyá mi. Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kì í dákẹ́ nítorí pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ yẹn á máa ránṣọ lọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò kàwé. Kò fẹ́ràn ariwo. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó mọ̀ ọ́n tọ́jú tó kásẹ́ẹ̀tì. Òwú àti sípírítì ló fi ń nu ibi tí téèpù ń gbà kọjá nínú dẹ́kì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ tuntun. Bí téèpù bá dẹ̀, bìrò ló fi ń wé e padà, jẹ́jẹ́, yóò máa fi ẹnu kùn bó ti ń yí i. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì pa á láàárín ọ̀rọ̀, ìjà dé nìyẹn. Èmi ni mo jẹ ìyà rẹ̀ jù, torí pé ọwọ́ mi yá. Á na ọwọ́ sí mi, á ní, "Má gé ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu."

Kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: orin ìjọ, ìkómọ, ohùn àwa ọmọ-ọmọ nígbà tí a bá lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Oǹdó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá Dáre ló ń pe ọkọ yẹn, nítorí pé Dáre ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Ó ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba ní Bọ́lọ́rundúró, ó ń bójú tó igi kòkó kéékèèké. Kò jìnnà sí Oǹdó, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ni. Bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ kò ní lè jáde. Ìgbà náà sì le, epo ọkọ̀ wọ́n, ó lè pẹ́ gan-an kó tó wálé. Nítorí pé ìyàwó rẹ̀ kò mọ ìwé kà, ohùn ló ń fi ránṣẹ́. Á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán awakọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Oǹdó. Màmá á gbọ́ ọ, á dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà, ọkọ rẹ̀ á tún sọ̀rọ̀ tuntun lé èyí tó ti gbó lórí. Bí wọ́n ṣe ń lo kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nìyẹn, títí ibà fi gbé ọkùnrin náà lọ nínú oko. Dáre ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ìyá mi ṣì wà lẹ́nu ọmú. Kásẹ́ẹ̀tì tó dé kẹ́yìn kò rí ẹni tí wọn ó dá a padà fún.

Bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ránṣẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó síwájú rẹ.

"Ìyá Dáre, ṣé dáadáa lo wà?" Á dákẹ́, ìdákẹ́ tó tó kí èèyàn dáhùn. "Ó dáa. Oúnjẹ ńkọ́?" Á tún dákẹ́. "Ó dáa. Má jẹ́ kí ebi pa ọ́ o."

Màmá Oǹdó kì í jẹ́ kí ìdákẹ́ yẹn kọjá lásán. Bó ti ń ránṣọ lọ ló ń dá a lóhùn, kì í sì í ṣe ìdáhùn ìgbà náà. Tọjọ́ òní ló ń sọ. Á sọ fún un pé òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò, pé ọmọ Dáre ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, pé àwọn tí wọ́n jọ wà ní Bọ́lọ́rundúró ti kú tán. Ohùn náà á ní, "Ó dáa." A máa ń bẹ̀rù nígbà tí a wà lọ́mọdé, nítorí pé ìdáhùn náà máa ń bá ọ̀rọ̀ mu ju bó ṣe yẹ lọ. Òun á rẹ́rìn-ín sí wa, á ní, "Ọkọ tí kò bínú rí nìyẹn."

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, Ùńkù Dáre lọ mú un wá sí Àkúrẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ùńkù Dáre, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn Alágbàká. Ó fẹ́ràn orin. Ó ní áńpílífáyà tuntun tó ń gba orin láti inú fóònù láìsí wáyà, ó ní sípíkà gíga méjì náà, ó sì to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì onígíláàsì. Màmá Oǹdó gbé dẹ́kì wá. Ùńkù Dáre fúnra rẹ̀ ló rà á nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó wúwo, ó ń dán bí ṣíbí, abẹ́rẹ́ kéékèèké méjì sì ń jó níwájú rẹ̀ bí ohùn bá ti ń jáde. Ó ti gbàgbé rẹ̀. Ó ní ààyè kò sí lórí tábìlì.

"Bí ààyè ò bá sí fún un, èmi náà á padà," ni màmá rẹ̀ wí.

Ni Ùńkù Dáre bá tú u, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ti yọ́ nínú rẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ áńpílífáyà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi orin àtijọ́ sí i, ó jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì kò dìde mọ́. Ó ní orin inú fóònù mọ́ jù, bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé. Èyí nípọn, ó móoru, ìró kan wà lábẹ́ rẹ̀ bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lórí ewé kókò. Láti ọjọ́ náà, ìyá àti ọmọ ń jà sí ẹni tí yóò nu orí dẹ́kì. Ìjà wọn tó le jù ni ti kásẹ́ẹ̀tì bàbá. Ùńkù Dáre fẹ́ gbà á sínú fóònù kó má baà bàjẹ́. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ó tọ́ka sí fóònù náà, ó ní, "Inú ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ayé ń gbé. Ibo lo fẹ́ kí bàbá rẹ jókòó sí?"

Ọ̀sán Sátidé kan ni a kọ́kọ́ gbọ́ bàbá náà láti ẹnu sípíkà ńlá. Iná kò sí, sólà ni a ń lò. Rédíò kékeré Oǹdó la fi ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, tí ohùn rẹ̀ jìnnà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọ inú pálọ̀. A gbọ́ bó ṣe ń mí. A gbọ́ ìgbà tí àga dún lábẹ́ rẹ̀. A sì gbọ́ ohun mìíràn tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nínú wa: kó tó sọ gbólóhùn kan, a ó kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn náà gan-an, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. *Ìyá Dáre, ṣé dáadáa lo wà.* Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ́ síta.

Ùńkù Dáre ṣàlàyé pé téèpù tó ti wé mọ́ra láti ọdún gbọọrọ máa ń kó ohùn ran ara wọn, pé ó wọ́pọ̀. Màmá Oǹdó kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Àlájà, aládùúgbò wa, fi dé ẹnu ilẹ̀kùn láti wá gba agbọ̀n rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin àgbà, ló bá kúnlẹ̀ síta. "Ẹ káàsán sà."

"Ṣé dáadáa lo wà?" ni ohùn náà wí.

"A dúpẹ́ sà."

"Ó dáa. Oúnjẹ ńkọ́?"

Àlájà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó wo àga kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò mú agbọ̀n náà mọ́. Ìgbà tó lọ tán ni mo bi Màmá bóyá òun náà ti gbọ́ ohùn ẹ̀yìn ògiri yẹn rí. Ó ní, "Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ fún èmi nìkan."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, nǹkan ti le fún gbogbo ènìyàn. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí wọ́n ń rà sínú ike. Iléeṣẹ́ tí ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ ti ilẹ̀kùn pa, kò ṣí i mọ́. Bàbá mi ti lọ wá iṣẹ́ lọ sí òkè Ọya, ìpè rẹ̀ sì ń jìnnà síra. A kó kúrò nínú ilé tí a gbà, a wá ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn ilé Ùńkù Dáre: ìyá mi, èmi, àti Tèmi àbúrò mi kékeré. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Á jókòó sí orí ibùsùn láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Kò mọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, sún mọ́ ìparí, tí bàbá náà ti bèèrè rẹ̀. "Tóyìn ńkọ́? Gbé e súnmọ́ mi, kí n gbọ́ ọ." Ìdákẹ́ ibẹ̀ gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo gbọ́ ọ!"

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá mi kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́, gbàrà tí oòrùn bá ti mú sólà lágbára. Ó ń dáhùn bí ìyá rẹ̀ ti ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò ránṣọ, kò gbálẹ̀, kò ṣe nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sí abọ́ kejì. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀bà-Ilé pè é pé kó wá, bóyá iṣẹ́ á wà. Kò lọ. Mo dé láti kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi etí lé aṣọ tí wọ́n fi bo ojú sípíkà, ojú rẹ̀ sì pa dé. Kò yíjú sí mi. Ó ní, "Ó ní kí n súnmọ́ òun."

Mo sọ fún Màmá Oǹdó. Ó ní òun ti rí i.

Ọjọ́ tí ó burú ni ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ tí ìyá mi kò lọ mú Tèmi ní ilé ìwé. Àwọn olùkọ́ ti lọ. Àlájà ló rí ọmọ náà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú géètì, omi ń kán lára báàgì rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ wálé. Kásẹ́ẹ̀tì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ìyá mi wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò tètè dá a mọ̀. Màmá Oǹdó kò pariwo. Ó bọ́ aṣọ lára Tèmi, ó fi ìró ara rẹ̀ nù ún gbẹ, ó bu ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Ó sọ fún un pé, "Lọ́la, ìyá rẹ á wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lu aago."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe ìyá mi àti èmi sí pálọ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú dẹ́kì, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dá a lóhùn rárá. Ìgbà tí bàbá náà ní, "Oúnjẹ ńkọ́?" ẹnu Màmá mì, ṣùgbọ́n kò yà á. Nígbà tó parí, ó yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí i nígbà náà pé ó ti lẹ sélótéèpù bo ihò kékeré tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, ihò tí wọ́n ti ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba ohùn mìíràn lé e. Ó yí gbogbo bọ́tìnnì ohùn wálẹ̀ pátápátá. Ó tẹ bọ́tìnnì méjì tí wọ́n fi ń gba ohùn pọ̀. Abẹ́rẹ́ méjèèjì wó lulẹ̀, wọn kò sì dìde mọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé ìyá mi. "Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń sin ín."

Ìyá mi fò dìde. Màmá Oǹdó, tí orúnkún rẹ̀ kì í gbé e, dìde ṣáájú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti dẹ́kì. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ohùn bàbá mi ni! Màmá, mi ò ní òmíràn!" Ó ń fa apá ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Èmi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ dì mú. Sípíkà méjèèjì dákẹ́ lọ́tùn-ún lósì, téèpù sì ń yí, tí a rí i láti inú gíláàsì kékeré iwájú dẹ́kì, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Títí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì náà fi tán, tí bọ́tìnnì fò sókè, *kà*, Màmá kò kúrò níbẹ̀. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Èdè Oǹdó ló fi sọ̀rọ̀, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún dé ọkàn. "Ọma mi," ló ní. "Ẹni méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan ti kú. Ìwọ ò tíì kú."

Ìyá mi lọ mú Tèmi nílé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó kó ẹrù rẹ̀ àti ti ọmọ náà, ó sì lọ sí Oǹdó, sí ilé tí Màmá ti ń ránṣọ. Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò ọyẹ́. Ùńkù Dáre náà bínú. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí dẹ́kì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bóyá nǹkan kan kù. Ìró òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ní ibi tí ó yẹ kí bàbá òun ti rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì gbọ̀n díẹ̀. Mo jókòó tì í, a tún un ṣe, mo sì rí i: ó gbọ̀n, ó tún wólẹ̀. Ùńkù Dáre yí ohùn sókè títí gíláàsì tábìlì fi ń gbọ̀n. A kò gbọ́ nǹkan kan. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, a ò mọ ìgbà tó dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ìyá mi padà wá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀bà-Ilé, ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń gé èékánná rẹ̀, kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Kí lẹ ó máa gbọ́ báyìí?"

"Èmi gbọ́ ọ nígbà tó wà láàyè," ni Màmá wí. "Ìwọ ni mo fẹ́ máa gbọ́."

Ní ọdún tó lò kẹ́yìn, ó ní kí Ùńkù Dáre ra hẹ́dìfóònù fún òun. Ó ní òun kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, a ó rí i níwájú dẹ́kì pẹ̀lú páálí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìka rẹ̀ á máa tẹ bọ́tìnnì, á tú u sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹjú mọ́ ọn bí ìgbà tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. A rò pé ó ń gbádùn ara rẹ̀ ni. Bí mo bá bi í pé kí ló ń gbọ́, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ ni." Ó kú lójú oorun ọ̀sán, páálí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tò dáadáa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí a ti padà sí Àkúrẹ́, ìyá mi ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá òun. Ùńkù Dáre wò ó, ẹ̀rù ń bà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ gbọ́ ọ. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì ọlidé tèmi jáde, èyí tí Màmá gbà nígbà tí mo wà ní ọmọ jẹ́léósinmi, tí mo mọ̀ pé ó kún fún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohùn mi jáde, tínrín, láti inú sípíkà méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀ mà." Lẹ́yìn náà, ihò kan. Kì í ṣe ìdákẹ́ lásán. Ìró òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ náà gan-an yí padà, ìró àkùkọ ẹ̀yìnkùlé pòórá, gbogbo ilé náà kúrò, bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ó tún padà. "Mo ti jẹ ẹ́ mà." Ihò. Mo rẹ́rìn-ín. "Rárá o! Ọ̀bọ ni!" Ihò. Mo tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ tí wọ́n ń rìn ní ègbè.

A fi òmíràn sí i. Ti ìkómọ Tèmi: gbogbo ènìyàn ń dáhùn "Àmín" sí àdúrà tí a kò gbọ́. Òmíràn. Àwọn èèyàn ń kí i, wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń ṣe àwàdà sí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú gbogbo wọn, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì gbàgbé ọ̀kan.

Ùńkù Dáre bo ojú rẹ̀. Mo ń wo ìyá mi, mo ti múra láti dì í mú. Ó jókòó gbọnyin. Ó gbọ́ ti ìkẹyìn títí tó fi tán, nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé e. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì nu imú rẹ̀.

"Màmá yìí," ló ní. "Ó mọ irú ọmọ tí òun bí."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà lórí mi, bí mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ wọ́n ti ń kúrò létí mi. Ìjọ́sí, mo bi ìyá mi bóyá òun ṣì ń gbọ́ ọ.

"Rárá," ló ní. "Mo sì ń sùn dáadáa."